Ọdún Tí A Ta Olójú-Mẹ́fà

Ọmọ mi obìnrin, Túnráyọ̀, ló gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà. "Màámi, ẹ wo mọ́tò kan tí wọ́n fẹ́ tà." Mo ní kó gbé e kúrò lójú mi, pé èyí tí mo ní gan-an ò jẹ́ kí n sinmi, gbogbo ìgbà ló wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó ní kí n ṣáà wò ó. Mo wò ó. Mọ́tò aláwọ̀ ìyeyè, ilẹ̀kùn méjì péré, iná mẹ́fà níwájú, nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n gàdàgbà lára ilẹ̀kùn. Ẹ̀wà dà nù lọ́wọ́ mi. "Háà! Olójú-Mẹ́fà!" Igbe tí mo ké pọ̀ débi pé ará ilé kejì bèèrè lórí fẹ́ǹsì bóyá kò sí nǹkan. Ẹni tó fẹ́ tà á kọ ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ sábẹ́ àwòrán náà: pé irú rẹ̀ ò pọ̀ láyé mọ́, pé wọ́n dìídì ṣe é fún ráàlì ni, ìyẹn eré ìje tí wọ́n ń fi mọ́tò sá nínú ẹrẹ̀ àti lórí òkúta, pé ó ti kọjá lọ́wọ́ ẹnjiníà kan nílùú Ìbàdàn. Ẹnjiníà kan, ẹ gbọ́! Bàbá mi nìyẹn o. Túnráyọ̀ ń kà á lọ títí ó fi dé ìlà kan nísàlẹ̀ pátápátá, mo ní kó dúró níbẹ̀ ná. N óò padà sórí ìlà yẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín lọ sí Bódìjà.

Ilé wa nígbà náà ní fẹ́ǹsì kúkúrú yí ká, igi máńgòrò kan níwájú, kànga kan lẹ́yìn. Kì í ṣe àkùkọ ló ń jí mi láràárọ̀. Bàbá mi á ti kírun Àsùbáà tán, Màámi á ti máa ro ògì lórí sítóòfù, ìgbálẹ̀ á ti máa dún wàì wàì lágbàlá ará ilé kejì, ni Bàbá mi á bá yí kọ́kọ́rọ́ nínú Olójú-Mẹ́fà. Ẹ gbà mí! Gbogbo abọ́ tó wà lórí pẹpẹ á máa gbọ̀n, ajá àdúgbò á figbe ta, ọmọ jòjòló tó wà nílé òdìkejì á bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Màámi á ní, "Bàbá Ràṣídá, ẹ ti jí òkú Bódìjà o!" Bàbá mi á rẹ́rìn-ín sí i láti inú mọ́tò, nítorí wọn ò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí ó wí. Ràṣídá, èmi nìyẹn. Èmi ni àkọ́bí. Lẹ́yìn mi ni Múrí àti Wàsíù wà, àwọn méjèèjì ò sì mọ̀ ju ìjà àti oúnjẹ lọ. Láràárọ̀ Sátidé, èmi ni mo ń fi omi ọṣẹ àti àkísà fọ iná mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àwọn á máa fọ táyà, omi tí wọ́n ń dà síra wọn lára á sì pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń dà sí táyà lọ. Tí a bá ṣe tán, àkàrà gbígbóná ń dúró dè wá lórí tábìlì ilé ìdáná. Mo ti jẹ àkàrà kiri láti ìgbà náà, ẹ má tàn mí, kò sí èyí tó dùn bíi ti Sátidé wọ̀nyẹn.

Ẹnjiníà omi ni Bàbá mi, iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń ṣe. Òyìnbó kan tó wá la títì ló ni mọ́tò náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fẹ́ padà sílùú rẹ̀, kò rí ẹni tó máa rà á, nítorí ta ni yóò ra mọ́tò tí kò ní àga ẹ̀yìn? Bàbá mi ló rà á, àpọ́n ni wọ́n nígbà yẹn, kò sì sí ẹni tó máa bá wọn wí. Inú rẹ̀ ò ní kápẹ́ẹ̀tì, kò ní rédíò. Páìpù irin ni wọ́n fi yí inú rẹ̀ ká bí àgò adìẹ, kí òrùlé má baà tẹ èèyàn pa tó bá dojú dé. Àga méjì péré ló wà níbẹ̀, bẹ́líìtì olókùn mẹ́rin lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn wọn táyà ìpààrọ̀ méjì, ó parí. Ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé ẹni méjì tó jókòó sínú rẹ̀ ò lè gbọ́ ara wọn. Ìdí nìyẹn tó fi ní akoto méjì, irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà ń dé lóde òní. Nínú akoto kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ wà tó ń sọ̀rọ̀ sí etí, òmíràn wà níwájú ẹnu tó ń gba ọ̀rọ̀, wáyà sì so àwọn méjèèjì mọ́ àpótí dúdú kékeré kan nísàlẹ̀ níwájú. Àpótí ọ̀rọ̀ là ń pè é. Bí o bá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sínú akoto tìrẹ, kedere ni ẹnì kejì ń gbọ́ ọ nínú tirẹ̀, kódà kí ẹ́ńjìnnì máa bú ramúramù.

Nínú ráàlì, wọ́n ní ẹni tó ń wa mọ́tò kì í mọ ohun tó wà lẹ́yìn kọ́nà, ẹnì kejì ló máa ń ka ìwé ọ̀nà sí i létí. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, Bàbá mi ò bá ẹnikẹ́ni sáré ìje rí láyé wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ìwé ọ̀nà fún gbogbo ibi tí à ń lọ n'Ìbàdàn, láti Bódìjà dé Ṣàngó, láti Ṣàngó dé Mọ́kọ́lá, dé ilé ìwé wa pẹ̀lú, nínú ìwé kékeré eléèpo pupa, èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo sì ń kà á fún wọn. "Òpó iná. Òsì pẹ̀lẹ́. Kòtò lọ́tùn-ún, ó jìn. Ìyá eléèpà, ẹ rọra. Ọ̀tún kíkan!" Eré tí à ń sá ò ju ti oníkẹ̀kẹ́ lọ, torí gọ́slóò Ṣàngó kì í wojú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mò ń kà á bí ẹni pé ẹ̀mí wa wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá kà á tán, Bàbá mi á ní, "O ṣeun, akàwé." Kí n tó dé ilé ìwé, orí mi á ti wú tó àgbá omi. N kì í bá ẹnikẹ́ni ní kíláàsì sọ̀rọ̀ kí agogo mẹ́wàá tó lù.

Ọdún náà ni wọ́n gbé Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá mi, wá sọ́dọ̀ wa láti agboolé wọn lẹ́yìn Ọjà'ba. Orúnkún ló ń dà wọ́n láàmú, dókítà ní ilé ìwòsàn kan ní Jẹ́ríkò sì ní kí wọ́n máa wá ní gbogbo ọjọ́ Wẹ́sídé. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n, aláwọ̀ dúdú dídán, ilà wọn jáde dáadáa, tẹ̀súbáà wọn kì í kúrò lọ́wọ́. Kò sí ohun tí a sọ fún wọn tí ìdáhùn rẹ̀ ju ọ̀kan lọ. "Ìyá, ṣé kí n bu ẹ̀kọ fún yín?" "Ó dáa bẹ́ẹ̀." "Ìyá, ṣé kí n pa fèrèsé dé?" "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Màámi máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ò rí ìyá ọkọ tó rọrùn bẹ́ẹ̀ rí. A mọ̀ pé etí wọn wúwo díẹ̀, arúgbó ṣáà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa jágbe mọ́ ìyá ọkọ rẹ̀? Ta ni yóò pariwo lé ìyá tó bí i lórí? Tí Màámi bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, ohùn rẹ̀ kì í ju ti ẹni tó ń ki àdúrà lọ. Bàbá mi, tí ohùn wọn ń gba ilé kan nígbà tí wọ́n bá ń bá Múrí wí, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá Àgbà, ohùn wọn á di ti ọmọdé. Bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún wọn tó ni ohùn wa ń relẹ̀ tó.

Kí Ìyá Àgbà tó wọ Olójú-Mẹ́fà lọ́jọ́ Wẹ́sídé, iṣẹ́ ńlá ni. Ẹsẹ̀ kan á kọ́kọ́ wọlé, Bàbá mi á gbé ìkejì, Màámi á máa dì wọ́n mú lẹ́yìn, èmi tí mo ti wà lórí táyà ìpààrọ̀ lẹ́yìn á máa fà wọ́n lápá. Wọ́n á ní "Bísímíláì" bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni a ó di bẹ́líìtì mẹ́rin mọ́ wọn láyà lórí ìró, a ó sì gbé akoto lé orí wọn, lórí gèlè. Gbogbo àdúgbò ló ń jáde wá wòran. Mo bínú sí Ìyá Àgbà lórí àga yẹn, n kò ní purọ́. Àga tèmi ni, akoto tèmi ni. Lọ́jọ́ Wẹ́sídé, ó di dandan kí n máa jókòó sórí táyà bí ẹrù, kí n máa pariwo ìwé ọ̀nà láti ẹ̀yìn títí ọ̀fun mi á fi gbẹ. Láti ibẹ̀, mo máa ń rí i tí èjìká Ìyá Àgbà ń gbọ̀n láti Mọ́kọ́lá dé Jẹ́ríkò. Ìbẹ̀rù ni gbogbo wa pè é.

Màámi ní oyún nígbà náà, oyún oṣù méje, tíṣà sì ni ní ilé ìwé kan ní Ríńgì Róòdù. Takisí ló ń wọ̀ lọ, takisí ló ń wọ̀ bọ̀, nígbà tí mọ́tò olójú mẹ́fà wà lábẹ́ máńgòrò. Ó sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, Bàbá mi ń sọ pé àwọn ti gbọ́. Ọjọ́ kan tí à ń jẹ ẹ̀bà, ó gbé ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá Ràṣídá, ẹ jẹ́ ká fi tèmi sílẹ̀. Ẹ wo ìyá yín. Gbogbo Wẹ́sídé ni ẹ̀ ń tẹ ìyá tí orúnkún ń dùn bọ inú àgò, wọ́n ń gbọ̀n, wọn ò sì lè sọ̀rọ̀ nítorí pé ẹ̀yin ni wọ́n bí. Ṣé kò dùn yín ni?" Bàbá mi kọjú sí Ìyá Àgbà, wọ́n bi wọ́n ní ohùn jẹ́jẹ́ pé ṣé kí àwọn ta mọ́tò náà, kí àwọn fi ra bọ́ọ̀sì tó máa rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ìyá Àgbà wo ojú Bàbá mi, wọ́n wo ojú Màámi. Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó parí nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, páálí kan ti wà lára gíláàsì iwájú, FÚN TÍTÀ, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé Bàbá mi tó rí wínníwínní. Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà, àfi bí ẹni pé èmi ni wọ́n fẹ́ tà.

Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wá, ẹ̀rín sì pa wá. Alàgbà kan láti Ríńgì Róòdù wọ inú rẹ̀, kò lè jáde mọ́, ikùn rẹ̀ há sáàárín páìpù irin. Ẹni mẹ́ta ló fà á jáde, bàtà rẹ̀ kan sì ṣẹ́kù sínú. Òmíràn yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó bèèrè pé níbo ni ìyókù mọ́tò wà. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀ ní iná mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nìkan ni òun ń fẹ́. Gbogbo wọn ni Bàbá mi ń jókòó tì, tí wọ́n ń ka gbogbo àìdáa mọ́tò náà fún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ó ń mu epo, ó ń gbọ̀n, kò ní àyè ẹrù, ẹ óò máa gbóná bí iyán nínú rẹ̀. Màámi á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ọwọ́ lórí ikùn. "Ṣé ẹ̀ ń tà á ni àbí ẹ̀ ń fẹ̀sùn kàn án?" Inú mi ń dùn. Mo rò pé kò sí ẹni tó máa rà á láéláé.

Àfi bí Àlàájì Sáni ṣe ránṣẹ́. Ọmọ Hausa tí wọ́n bí sí Sábó níbí ni, Jọ́ọ̀sì ló ń gbé, ó ń sáré ráàlì gidi lórí òkúta ibẹ̀. Ó ti ń wá irú mọ́tò náà fún ọdún mélòó kan. Ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé. Mo wá mọ̀ pé tòótọ́ ni, inú mi sì dàrú. Ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dá Bàbá mi dúró, Ìyá Àgbà ni. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀ wọ́n? Tí mo bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n á ní "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Tí mo bá pariwo, Màámi á gbọ́ láti ilé ìdáná. Ẹ wo ìyọnu tó bá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Mo ronú títí lọ́jọ́ Tọ́sìdé lẹ́yìn ilé ìwé, mo rántí akoto. Mo di ọwọ́ Ìyá Àgbà mú, mo nawọ́ sí Olójú-Mẹ́fà lábẹ́ máńgòrò. Wọn ò bi mí léèrè. Wọ́n gbé ọ̀pá wọn, wọ́n sì dìde. Ó yà mí lẹ́nu pé pẹ̀lú ìfàsí díẹ̀, wọ́n wọlé láìsí wàhálà kankan. Mo dé akoto fún wọn, mo dé tèmi, mo tan àpótí ọ̀rọ̀.

Mo ní wúyẹ́wúyẹ́, "Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Bàbá kí wọ́n má ta mọ́tò yìí."

"Kí ló dé tí o ò fẹ́ kó tà á?"

Mo yíjú wò wọ́n. Láti oṣù mẹ́jọ tí wọ́n ti dé ilé wa, wọn ò dáhùn ọ̀rọ̀ kan rí tó ṣe déédéé bẹ́ẹ̀. "Ìyá Àgbà, ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ ọ. Mo tún ń gbọ́ bí o ṣe ń mí. Ṣé ọ̀fìnkìn ń dà ọ́ láàmú ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èjìká wọn sì ń gbọ̀n, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń gbọ̀n láti Mọ́kọ́lá dé Jẹ́ríkò. Háà! Ẹ̀rín ni! Gbogbo Wẹ́sídé tí à ń sọ pé ìbẹ̀rù ni, ẹ̀rín ni Ìyá Àgbà ń rín.

"Àbẹ̀kẹ́," wọ́n pe oríkì mi, "láti ìgbà tí mo ti dé Bódìjà yìí, ẹnu yín ni mò ń wò. Ẹ ó là á, ẹ ó pa á dé. Tí mo bá rí i pé ẹ dákẹ́ tí ẹ sì ń wò mí, màá ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ní agboolé wa, gbogbo wọn ni aláriwo, mò ń rí díẹ̀ he. Níbí, ẹ ti ní ẹ̀kọ́ jù. Àfi inú ọkọ̀ yìí nìkan. Tí Àjàní, bàbá rẹ, bá ti sọ̀rọ̀, inú etí mi méjèèjì ló ń sọ ọ́ sí. Ó máa ń sọ fún mi pé, 'Ìyá mi, ilé ọ̀rẹ́ yín àtijọ́ nìyẹn, Ìyá mi, wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀bù yẹn.' Ohùn rẹ̀ ṣì ń wálẹ̀ díẹ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀, bó ṣe ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré. N ò mọ̀ pé n óò tún gbọ́ ọ mọ́."

"Ẹ sọ fún wọn nígbà yẹn! Wọn ò ní tà á mọ́!"

Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. "Kí n sọ kí ni? Oyún oṣù méje wà nínú ìyàwó mi, takisí ló ń wọ̀ kiri ìlú. Ṣé kí n wá ní kó máa jìyà nítorí etí mi? Ó tì o. Ìyá rẹ ń tọ́jú mi bí ẹyin. Kí o má sọ ọ́ nínú ilé yìí, Àbẹ̀kẹ́. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Wọ́n ní kí n má tíì ṣí akoto náà, kí n sọ ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé ìwé. Mo ka ìṣirò onílọ́po fún wọn láti orí kejì dé ìkejìlá, Ìyá Àgbà sì ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ wàásù tó dùn.

Ẹ ò lè mọ bí ọjọ́ Fúráìdé ṣe gùn tó. Mo ń wo Màámi tó ń wú lẹ́sẹ̀, mo ń wo Ìyá Àgbà tó ń wo ẹnu wa, mo ń wo Bàbá mi tó dọ̀bálẹ̀, tí ẹnu wọn ń mì, tí n kò sì lè wí nǹkan kan. Tẹ́lẹ̀, àga mi ni mò ń sunkún lé lórí. Ní báyìí, ojú ara mi gan-an tì mí. Àkàrà òwúrọ̀ Sátidé ò lọ lọ́fun mi. Ni Bàbá mi bá ní kí n wá, ká lọ ra epo ní Àgbowó kí Àlàájì tó dé, pé ìgbà ìkẹyìn tí n óò kàwé fún wọn nìyẹn. Mo dé akoto. Mo ṣí ìwé eléèpo pupa.

"Géètì. Òsì kíkan," mo bẹ̀rẹ̀. "Òpó iná. Kòtò lọ́tùn-ún." A jáde sí títì ńlá. "Ọ̀nà tààrà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sọdá, ẹ rọra. Ọ̀tún pẹ̀lẹ́." Ìyá Àgbà ní kí n má sọ ọ́ nínú ilé. A ò sì sí nínú ilé. Mo tẹjú mọ́ ìwé tí kò sí nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀, mo fi ohùn ìwé kà á: "Kóńkéré tó là lósì. Ìyá Àgbà ò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́ nílé, àfi nínú akoto yìí. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, wọn ò gbọ̀n. Ọ̀tún kíkan."

Bàbá mi ò yà sọ́tùn-ún. Wọ́n tẹ búréèkì, ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wa fọn fèrè bí ẹni tó ń bú èèyàn. Wọ́n yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá, wọ́n ń jùwọ́ sí nọ́ńbà wa.

"Tún ìlà yẹn kà."

Mo tún un kà. Bàbá mi fẹ́ nu ojú wọn, akoto ò jẹ́ kí ọwọ́ wọlé. "Láràárọ̀ ni mò ń dọ̀bálẹ̀ kí wọn," wọ́n wí. "Mo ń bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa. Wọn ò gbọ́ ọ rí lẹ́ẹ̀kan."

"Wọ́n ń rí yín tí ẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀, Bàbá."

Bàbá mi sunkún, wọ́n sì tún rẹ́rìn-ín mọ́ ọn, mo ń gbọ́ méjèèjì nínú etí mi. Wọ́n ní, "O ṣeun, akàwé." A ra epo, a sì padà sílé láìkàwé.

Nígbà tí Àlàájì Sáni fi máa dé, ọkùnrin gíga kan tó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀, Bàbá mi ti fi sípánà tú àpótí ọ̀rọ̀ kúrò. Àlàájì yẹ ẹ́ńjìnnì wò, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò pẹ̀lú aṣọ funfun, ó jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. Nígbà tó wo inú, ẹ̀rín náà kúrò. "Ẹnjiníà, níbo ni nǹkan tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ wà?"

"Kò bá a lọ."

"Wàláhì, ẹ̀ ń ṣeré ni! Mọ́tò ráàlì láìsí nǹkan ìsọ̀rọ̀? Báwo ni n óò ṣe gbọ́ ẹni tó ń kàwé fún mi?"

Màámi sáré jáde láti ilé ìdáná. Ó rò pé ọgbọ́n tuntun ni Bàbá mi dá láti má ta mọ́tò. Ó ti la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀, Bàbá mi ní kó farabalẹ̀. Wọ́n so àpótí náà mọ́ bátìrì àtijọ́ kan ní fàráńdà, wọ́n dé akoto kan fún Ìyá Àgbà tó jókòó lórí àga, wọ́n na ìkejì sí Àlàájì. "Ẹ bá mi kí ìyá mi." Àlàájì wò wọ́n bí ẹni tó ń wo wèrè, ṣùgbọ́n ó dé e, ó sì lóṣòó. "Màmá, ẹ kú ọjọ́ o."

"O kú ọjọ́, ọmọ mi," Ìyá Àgbà dáhùn lẹ́sẹ̀ kan náà. "Ọmọ Sábó ni ọ́, àbí? Àwọn ará ibẹ̀ máa ń wá ra atare lọ́wọ́ mi láyé ọjọ́un. Báyìí náà ni wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Àwọn ará ilé ńkọ́?"

Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ Màámi wálẹ̀. Ó wò mí, ó wo Bàbá mi, ó wá fi ọwọ́ bo ẹnu, nítorí òun náà ń ka oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn nínú orí rẹ̀. Àlàájì ń bá Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀ lọ, ọ̀rọ̀ Sábó àtijọ́, ta ló kú, ta ló lọ Mẹ́kà. Nígbà tó yá, ó ṣí akoto náà, ó nù ún pẹ̀lú apá aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ mú un. Èmi náà ní ìyá." Ó yọ nínú owó o, ẹ má rò pé màlékà ni, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ àpótí náà mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló wa Olójú-Mẹ́fà jáde ní géètì, abọ́ gbọ̀n lórí pẹpẹ, ajá figbe ta. Mo sá tẹ̀ lé e dé kọ́nà. Ó dùn mí, n kò ní sọ pé kò dùn mí. Ìyá Àgbà bi mí lẹ́yìn náà ìdí tí n kò fi pa ẹnu mọ́. Mo ní inú ilé ni wọ́n ní kí n má ti sọ ọ́, Àgbowó ni mo ti sọ ọ́. Wọ́n fi tẹ̀súbáà nà mí lórí, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Kí n tó sùn lọ́jọ́ náà, Màámi ti gba akoto kejì. Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀, ikùn ńlá yẹn níwájú rẹ̀, ó ní "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí." Ìyá Àgbà ní kó dìde kó má tẹ ọmọ òun mọ́lẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn, wọn ò ṣí akoto títí mọ́ín-mọ́ín fi tutù lórí tábìlì. Láti ọjọ́ náà, "ó dáa bẹ́ẹ̀" kúrò nílé wa pátápátá. Ẹ̀kọ ti dùn jù, ata ò tó, Múrí ò tíì wẹ̀, fèrèsé yẹn, ẹ ṣí i! A wá rí i pé ìyá ọkọ tó rọrùn yẹn lẹ́nu bí àpótí ọ̀rọ̀ gan-an, Màámi sì sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ràn èyí jù. Bọ́ọ̀sì tí a rà ní Ṣálẹ́ńjì gba gbogbo wa, ó sì gba ìkókó tuntun náà. Lọ́jọ́ Wẹ́sídé, Ìyá Àgbà á jókòó níwájú, wọ́n á dé akoto lórí gèlè nínú bọ́ọ̀sì jẹ́jẹ́ tí kò ní ariwo kankan, gbogbo Mọ́kọ́lá á máa wò wá. Àwa méjì la jọ ń pín akoto kejì, Bàbá mi bí a bá ń lọ, èmi bí a bá ń bọ̀. Bàbá mi máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé àwọn ta mọ́tò, àwọn ò ta ìyá àwọn.

Ìyá Àgbà ti lọ tipẹ́. Màámi náà ti lọ, Ọlọ́run kẹ́ wọn. Ìlà tí mo ní n óò padà sí nìyí. Ẹni tó fẹ́ ta Olójú-Mẹ́fà kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé gbogbo ara mọ́tò náà ló pé bí wọ́n ṣe ṣe é, àfi akoto méjì àti àpótí ìsọ̀rọ̀ rẹ̀, tó ti sọnù láti Ìbàdàn. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá mọ ibi tí wọ́n wà kó pe òun, òun á san ohunkóhun tó bá bèèrè. Túnráyọ̀ gbójú sókè. "Màámi, ṣé kì í ṣe èyí tó wà ní yàrá Bàbá Àgbà nìyẹn?"

Mo gbọn ẹ̀wà kúrò lára, mo wọ yàrá. Bàbá mi wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, irun wọn ti funfun báláú, akoto wà lórí wọn, nítorí agogo mẹ́rin ti fẹ́ lù, ìgbà yẹn ni mo máa ń wá. Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí tí etí àwọn náà kò gbọ́ràn mọ́. Mo ti pààrọ̀ bátìrì, mo ti pààrọ̀ wáyà, dókítà ti fún wọn ní ẹ̀rọ kékeré ìgbàlódé kan, Bàbá ní ó ń kùn bí ẹ̀fọn. Mo dé akoto tèmi, mo jókòó.

"Bàbá, mo rí Olójú-Mẹ́fà. Wọ́n tún ti ń tà á."

Ojú wọn là. "Ṣé iná rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì pé?"

"Ó pé. Akoto ló kù tí wọ́n ń wá. Wọ́n ní iye tí a bá pè é ni àwọn máa san."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ohùn wọn wálẹ̀ díẹ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀, bí Ìyá Àgbà ṣe wí, mo sì gbọ́ ọ nínú etí mi méjèèjì.

"Sọ fún un, akàwé, pé ọ̀rọ̀ wa ò tíì tán."